Ọ̀gán Kò Ní Ẹsẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ṣé ebi ṣì ń pa yín ni? Mo ní, àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gba orí ebè kọjá, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Awó olùkọ́ àti Ọ̀kẹ́rẹ́ onírù gbọọrọ.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí aṣọ Awó ṣì dúdú lásán, tí kò ní àmì kankan lára, iná ọyẹ́ jó igbó. Ó jó aká, ó jó ìtẹ́. Nígbà tó di ọdún kejì, àwọn ẹranko sọ pé abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn yóò máa fi irúgbìn pamọ́ sí. Wọ́n lọ sí oko kan tí àwọn ènìyàn ti pa tì. Ebè ibẹ̀ tò lọ bí ìjókòó inú ṣọ́ọ̀ṣì. Olúkúlùkù wọn ri àdó ẹ̀pà tirẹ̀ mọ́ inú ebè kan.

Òjò dé. Ta ló rántí ibi tó ri tirẹ̀ mọ́? Ebè jọ ebè! Wọ́n wá a títí, àárẹ̀ mú wọn. Ebi ọdún náà, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́.

Awó gbàdúrà. Ó ronú. Nígbà tí ọyẹ́ tún ń bọ̀, ó pe gbogbo wọn jọ sí igun oko náà. Ó yí òkúta funfun kan síbẹ̀, ó sì fi èékánná fa ìlà méjì sórí eruku láti ẹsẹ̀ òkúta náà.

"Èyí tó sùn gbalaja yìí ni ìbú," ó wí. "Èyí tó dúró ṣánṣán ni òró. Ẹ ka ìbú ná lẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ tó wọ inú oko lọ ka òró. Òǹkà méjì fún ebè kan ṣoṣo. Ẹlẹ́dàá tó mọ iye irun orí wa kò fẹ́ kí ẹ̀pà wa sọnù."

Àparò họ orí. "Ìyá Tíṣà, bí mo bá kọ́kọ́ ka òró ńkọ́?"

"Dìde, lọ wò ó. Ka ebè márùn-ún ní ìbú, méjì ní òró."

Àparò lọ, ó fi ewé sàmì síbẹ̀, ó padà.

"Ó yá, ka méjì ní ìbú, márùn-ún ní òró."

Àparò kà á, ó kà á, ó bá ara rẹ̀ lọ́nà jíjìn réré sí ewé rẹ̀. Ó la ẹnu sílẹ̀. "Yéè! Ilé onílé ni mo wọ̀!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gán ńlá kan wà nínú oko náà. Òun ni Awó fi dán wọn wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n kà á: méje ní ìbú, méjì ní òró. Wọ́n fi ọmọ òkúta sàmì rẹ̀ sórí eruku, níbi tí méje àti méjì ti pàdé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọrin wọn:

Níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀?
Lẹ́sẹ̀ òkúta!
Èwo ló ń ṣíwájú?
Ìbú ló ń ṣíwájú!
Èwo ló ń tẹ̀ lé e?
Òró ló ń tẹ̀ lé e!

Àyà Awó a máa wú bó bá gbọ́ orin yẹn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Ìbú ni wọ́n kọ́ tán tó ti na ara, tó yán. "Òǹkà kan ti tó mi. Ẹ̀yin tí orí yín wúwo, ẹ máa ka méjì."

"Ọ̀kẹ́rẹ́, jókòó."

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Iṣin ti là lórí igi." Fìrì, ó ti lọ.

Wọ́n ri ẹ̀pà mọ́lẹ̀. Olúkúlùkù ń ké òǹkà tirẹ̀ sókè kó má baà gbàgbé, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí igi. Ète burúkú wọ inú rẹ̀. "Màá yẹ òkúta yìí kúrò ní ipò rẹ̀. Wọn yóò kà títí, yẹ̀pẹ̀ ni wọn yóò bá. Èmi nìkan ni màá mọ ibi tí ẹ̀pà wà, wọn yóò sì máa wá roko fún mi kí wọ́n tó jẹ ẹyọ kan."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo wọn lọ sódò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí òkúta náà lọ lẹ́bàá ọ̀nà. "Ebè kan. Ebè méjì." Àfi bí ìjàlọ ṣe tò jáde níwájú rẹ̀! Ó yà fún wọn, ó gba inú oko, ó sì ń yí i lọ. "Ebè mẹ́ta. Ó parí!" Ìbú tó rìn ni ó kà. Yíyà tó yà, kò kà á.

Ó bo ojú ihò tí òkúta ti kúrò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ka ebè mẹ́ta padà sẹ́yìn láti ibi tí òkúta wà, ó ka òǹkà Àparò, ó tú ebè. Yẹ̀pẹ̀! Ó tú ti Òkété. Yẹ̀pẹ̀! Inú bí i, ó rọra tún àwọn ebè náà kó jọ, ó lọ.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Awó na ọrùn, ó dúró bí ìyàwó ọjọ́ ìgbéyàwó. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ mú irúgbìn yín."

Àparò kà á, ó tú ebè. Kò bá nǹkan. Òkété kà á, ó tú ebè. Kò bá nǹkan.

"Awó, ẹ̀pà mi dà?" Òkété pariwo. "Ojú mi làwọn ọmọ mi ń wò nílé!"

"Ẹ̀kọ́ irọ́ ni!" Ọ̀kẹ́rẹ́ ń jó lórí ẹ̀ka. "Ìyá Tíṣà onílà-nínú-eruku! Ẹ lé e kúrò lóko!"

Wọ́n ká Awó mọ́. Kò tẹ orí ba. Ó mọ ohun tó kọ́ wọn. Olúwa, ó wí nínú ọkàn rẹ̀, má jẹ́ kí ojú tì mí níwájú àwọn ọmọ mi.

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn. Ìyá àgbà Ìgbín ni, ẹni tó máa ń dé kíláàsì kẹ́yìn lójoojúmọ́.

"Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀gán tí a kọ́kọ́ kà ńkọ́? Méje ní ìbú, méjì ní òró. Ẹ jẹ́ ká tún un kà."

Wọ́n kà á láti ẹsẹ̀ òkúta. Mẹ́rin ní ìbú. Ọ̀kan ní òró.

"Nínú òkúta àti ọ̀gán, ọ̀kan ti rìn," Ìgbín wí. "Ọ̀gán kò sì ní ẹsẹ̀."

Àparò fò sókè. "Wọ́n yẹ òkúta wa! Wọ́n gbé e síwájú ní ebè mẹ́ta ní ìbú, àti ọ̀kan ní òró!"

"Ọ̀kan ní òró kẹ̀?" Ọ̀kẹ́rẹ́ kígbe lókè. "Ẹ má purọ́ mọ́ mi o! Mẹ́ta péré ni mo gbé e!"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù.

"Ẹ̀n-ẹ́n," Òkété wí. "Mẹ́ta péré. Sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá mi."

Wọ́n kà á padà láti ọ̀gán: méje ní ìbú, méjì ní òró. Wọ́n bá ihò òkúta àtijọ́, yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ní kó yí òkúta padà, tí gbogbo kíláàsì sì ń kọrin tẹ̀ lé e: Níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn, tó ń làágùn: Lẹ́sẹ̀ òkúta!

Wọ́n tún kà. Àparò tú ebè, ẹ̀pà! Òkété tú ebè, ẹ̀pà! Kò sí àdó kan tó sọnù.

Awó ti fẹ́ gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn, àwọn tó kọ́ sì ti ṣe é. Wọ́n tò wá síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí olúkúlùkù ti ń rí irúgbìn rẹ̀ ló ń ti ìka bọ ẹfun, tó ń fi àmì funfun kan sára aṣọ dúdú rẹ̀, ní ìbú, ní òró, láìsí èyí tó gun òmíràn. Ìgbín ló tẹ ti ìkẹyìn. "Ìyá Tíṣà," ó wí, "ẹ wọ̀ ọ́ gbó."

Kò bọ́ ọ títí dòní. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà, títí dòní, a ri ẹ̀pà mọ́lẹ̀, a sì gbàgbé ibi tó wà, nítorí òǹkà kan ṣoṣo ló mọ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ó ń kọ́ wa kí a jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ dé òpin, kí a má sì yẹ ohun tí gbogbo ìlú fi ń mọ ọ̀nà. Ọlọ́run a máa tú àṣírí, nígbà mìíràn láti ẹnu olè fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹni tó kọ́ yín. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mo pa, bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ lọ wo aṣọ Awó.