Ẹlẹ́rìí Kẹrin ní Òkè-Ìrá

Kí a tó yin ìlú Òkè-Ìrá fún ìdájọ́ òdodo, ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti rí kí Alíkálì Jínádù tó jókòó sórí ẹní ìdájọ́. Ìlú Mùsùlùmí ni, mọ́sáláṣí wọn kì í ṣófo, síbẹ̀ ẹnu Balógun Gàníyù ń pa èèyàn níbẹ̀ ju ìbọn rẹ̀ lọ. Arógunyọ̀ ni Gàníyù, òun ló lé àwọn ọlọ́ṣà kúrò lẹ́yìn odi, nítorí náà bó bá na ìka sí obìnrin kan pé ó ṣe àgbèrè, kò sẹ́ni tó jẹ́ bi í léèrè. Ràfátù, àbúrò Láwàní tó jẹ́ dógarì, ẹ̀ṣọ́ Báálẹ̀, ni ó nàka sí gbẹ̀yìn. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti sọ ọmọ ọlọ́mọ lókò pa, lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ara mi bù máṣọ bí mo ti ń kọ ọ́. Àwọn tó bí ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, ilé sì ń dahoro.

Báálẹ̀ rí i pé ìlú fẹ́ tú, ó ránṣẹ́ pe Àlùfáà Jínádù Àjàní kó wá ṣe alíkálì. Ọkùnrin kúkúrú ni, a-sọ̀rọ̀-jẹ́jẹ́-bí-ẹni-ń-gbààwẹ̀, tí ojú rẹ̀ kì í wolẹ̀ níwájú alágbára. Ó ní òun kò ní í gbà, àfi bí Báálẹ̀ àti gbogbo ọmọ ogun bá búra ní mọ́sáláṣí pé òfin Àlùkùránì àti ti Ànábì nìkan ni wọn yóò tẹ̀ lé nínú ẹjọ́ ọ̀ràn. Gbogbo wọn búra. Balógun náà búra, ó ń rẹ́rìn-ín, torí ó rò pé apá òun ká àlùfáà kékeré yìí.

Kò pẹ́ tí Balógun fi wọ́ Mọríyámọ̀ wá, opó kan tó ń ṣe òrí, tó ti kọ̀ láti fẹ́ ẹ. Ó ní ó bá ọkùnrin àlejò kan ṣe àgbèrè. Òfin ní ẹlẹ́rìí mẹ́rin tó fojú ara wọn rí i ló gbọ́dọ̀ wà. Balógun ka ara rẹ̀ mọ́ wọn, ó mú ìránṣẹ́ rẹ̀ kan, ó mú Bàdírù tó ń tọ́jú ẹṣin rẹ̀, ó sì mú Sáká, ẹ̀gbọ́n Jínádù gan-an, tó tọ́ ọ dàgbà nígbà tí bàbá wọn kú, ṣùgbọ́n tó ti di ẹni tí Balógun ń bọ́. Jínádù ro ó wò. Bí ẹnu àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò rán obìnrin náà lọ síbi òkò. Ó gbọ́ tẹnu Balógun, ti ìránṣẹ́ àti ti Sáká lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọn rí i. Ó wá kan Bàdírù.

“Bàdírù, má sọ ohun tí wọ́n ní kí o sọ. Kí ni ojú rẹ rí?”

Bàdírù wo Balógun, ó wo obìnrin náà. “Alíkálì, bàtà ọkùnrin ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn wà ní títì. N kò rí ohun mìíràn.”

Mọríyámọ̀ ṣubú lulẹ̀, ó ń sunkún. Ara tu àwọn èèyàn. Balógun rẹ́rìn-ín, ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó fẹ́ máa lọ sílé.

“Ẹ jókòó, Balógun,” ni Jínádù wí. “Ẹjọ́ kò tíì parí. Ẹni tó bá fi àgbèrè kan obìnrin, tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ kò pé mẹ́rin, ọgọ́rin ẹgba ni Ọlọ́run ní kí a nà án. Ẹ̀yin mẹ́ta ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.”

Ẹnu ya gbogbo ìlú, wọn kò lè pa á dé. Sáká ń wo àbúrò rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Jínádù kò gbójú kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n omijé ń ṣàn bọ́ sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Láwàní dógarì fi owó ẹyọ há abíyá, bí òfin ti wí, kí apá rẹ̀ má baà ga débi tí owó náà yóò fi bọ́, nítorí ẹgba ìtìjú ni, kì í ṣe ẹgba tó ń fọ́ egungun. Ó na Sáká, ó na ìránṣẹ́. Nígbà tó kàn án, Balógun pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun kí wọ́n gbé ìbọn. Kò sẹ́ni tó gbé e. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, ìbúra wọn ni wọ́n rántí. Arógunyọ̀ bá dọ̀bálẹ̀ nínú eruku.

Èyí tó wá tẹ̀ lé e ló yani lẹ́nu jù. Láwàní yọ owó ẹyọ náà, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó sì gbé pàṣán sókè réré. Gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tó rántí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dá a dúró, èmi tí mo ń kọ ọ́ yìí pàápàá kì bá tí dá a dúró. Jínádù nìkan ló dìde, ó di apá rẹ̀ mú.

“Láwàní, ṣa owó ẹyọ yẹn. Bí o ti na ẹ̀gbọ́n mi ni kí o na Balógun.”

“Àbúrò mi ńkọ́, Alíkálì?”

“Kò sẹ́ni tó bá Ràfátù béèrè òfin. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ bá ọ̀tá rẹ pàápàá béèrè rẹ̀.”

Láwàní sunkún títí, kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa owó ẹyọ náà, ó sì na Balógun bó ti na Sáká.

Nígbà tó yá, Sáká jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀ ní mọ́sáláṣí, ó ronú pìwà dà, wọ́n sì tún ń gba ẹ̀rí rẹ̀. Balógun kò jẹ́wọ́, títí tó fi kú ni wọn kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́, ìbáà ṣe lórí ẹjọ́ ewúrẹ́. Àwọn tó ti sá padà wá kọ́ ilé wọn. Títí dòní ní Òkè-Ìrá, bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í ba obìnrin lórúkọ jẹ́ lẹ́bàá odò, ẹnì kan yóò bi í pé, “Ẹni kẹrin dà?” Ọ̀rọ̀ náà á sì tán síbẹ̀. Ibi tí Ràfátù kú sí, ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí i. Bí àwọn àgbà bá ń kọjá níbẹ̀, wọn a dúró, wọn a béèrè ìbéèrè kan náà jẹ́jẹ́, nítorí lọ́jọ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè.