Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Orí Òpó Ẹjọ́

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Àlọ́ mi rìn títí, ó kọsẹ̀ lára òpó ilé ẹjọ́, ó ṣubú lu Ìjàpá, ọkọ Yánníbo. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sílẹ̀, kí ẹ lè mọ ìdí tí a fi ń fi òṣù ka ọjọ́ ẹjọ́, tí a kò fi ohun jíjẹ kà á mọ́.

Ní ìlú àwọn ẹranko, ẹ̀sùn kì í wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni títí ayé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ẹnìkan, Ẹfọ̀n adájọ́ a so òṣùṣù ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kan mọ́ òpó. Bí ọ̀kan bá pọ́n níbẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ náà, ẹjọ́ kú nìyẹn. Òfin náà dára, nítorí ẹlẹ́rìí a máa gbàgbé, ipasẹ̀ a sì máa pa rẹ́.

Opó ni Òkété. Ìwọ̀nba irúgbìn àgbàdo tí ó ní ni ó so sókè ààrò, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àkọ́rọ̀ òjò ti ń ṣú nígbà tí ó jí tí kò bá a mọ́. Ó tọ ipasẹ̀ olè náà títí dé ẹnu ọ̀nà Ìjàpá, ó sì gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ẹfọ̀n so ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Ìjàpá. Yánníbo ni ó jáde sí ìránṣẹ́.

"Ẹ bá mi kí bàbá. Ọkọ mi kò lè dìde. Ẹ̀yìn ń dùn ún."

"Ẹ̀yìn wo? Èyí tí ó le bí òkúta yẹn?"

"Abẹ́ rẹ̀ ni ìrora náà wà."

Òkété bẹ adájọ́. "Bàbá, òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Bí n kò bá gbìn, kí ni àwọn ọmọ mi yóò jẹ?"

"Mo gbọ́, ìyá. Ṣùgbọ́n a kì í dá ẹjọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀."

Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo ẹranko bá ti lọ sóko, Ìjàpá a yọ́ wá sí ìdí òpó. Á dá iná ewé, á jẹ́ kí èéfín rẹ̀ máa fẹ́ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, kí ó lè tètè pọ́n. Á máa kọrin jẹ́jẹ́:

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ òpó, pọ́n kí n sinmi.
Pọ́n, jọ̀wọ́ pọ́n.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ òpó, pọ́n kí ẹjọ́ kú.
Pọ́n, jọ̀wọ́ pọ́n.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, kí ìlú tó jí, ọ̀kan pọ́n. Òórùn rẹ̀ gba imú Ìjàpá.

Ó ní, "Ìgbàlà mi nìyí. N kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Ó rìn lọ. Ó padà.

Ó ní, "Àwọ̀ ni adájọ́ yóò wò. Ta ni í wo inú?"

Ó gun àpótí adájọ́, ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà díẹ̀ nísàlẹ̀, ó fa inú rẹ̀ yọ, ó jẹ ẹ́. Ó pa èèpo náà dé, ó sì sáré lọ pe ìlú jọ.

"Ẹ wá wò ó. Ó ti pọ́n. Ẹjọ́ mi ti kú."

Ẹfọ̀n gbójú sókè. Lóòótọ́, ó pọ́n. Òkété jókòó sílẹ̀.

Nígbà náà ni atẹ́gùn òjò fẹ́. Àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò mì. Èyí tí ó pọ́n ń fì bí aṣọ tí a sá.

Ẹfọ̀n fi ìwo tọ́ ọ. "Ìjàpá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ṣófo."

"Ẹyẹ ni, bàbá."

"Ẹyẹ tí ó mọ èèpo pa dé? Nu ẹnu rẹ ná."

Ìjàpá nu ẹnu rẹ̀ kíákíá. Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín.

Ẹfọ̀n ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni òfin wí, kò wí èèpo. Dúdú ni àwọn tí ó kù. Ẹjọ́ ṣì wà láàyè. Ẹ̀yìn tí ó ń dùn ọ́ ńkọ́?"

"Ó ti fúyẹ́ díẹ̀, bàbá."

"Ó dára. Dúró síbẹ̀."

Wọ́n lọ tú ilé rẹ̀, wọ́n sì bá àgbàdo náà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, nínú okùn tí ọkọ Òkété fọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ kí ó tó kú. Ìjàpá ni wọ́n ní kí ó ro oko opó náà, kí ó sì gbin àgbàdo náà láti ebè dé ebè kí òjò tó dé. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn dùn ún ní tòótọ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pa ọ̀gẹ̀dẹ̀ tì, tí wọ́n sì ń fi òṣù ka ọjọ́ ẹjọ́. Òṣù tí ń yọ lójú ọ̀run jìnnà. Ọwọ́ kò tó o, ẹnu kò sì lè jẹ ẹ́.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí mo bá fi irọ́ lọ́ ọ, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi má pọ́n láé.