Ọmọ Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kò Kan Ilẹ̀

Fálójú ọmọ Awóṣeyìn ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn abiyamọ agboolé Ìdóbà ni wọ́n gbọ́ ọ, àti àwọn ọkọ wọn tí wọ́n dúró lẹ́yìn ògiri bí ẹni tí kò gbọ́.

Ó ní: Iṣu kì í ta lórí àtẹ́lẹwọ́, ìkòkò kì í jókòó sórí afẹ́fẹ́, a dá a fún Àjíún, aya Ọdẹ́bùnmi, ní ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí ọmọ tí kò lè jókòó.

Àjíún ti bí ọmọ méjì rí. Ilẹ̀ ni ó gba àwọn méjèèjì. Nígbà tí ó bí ẹ̀kẹta, wọ́n sọ ọ́ ní Kúforíjì. Àjíún àti Àwẹ̀ró, ìyá ọkọ rẹ̀, sì pinnu pé ẹsẹ̀ ọmọ yìí kò ní kan ilẹ̀, kí ilẹ̀ má baà mọ̀ pé ó wà. Bí Àjíún bá sọ̀ ọ́, Àwẹ̀ró a pọ̀n ọ́n. Bí Àwẹ̀ró bá ń jẹun, itan rẹ̀ ni ọmọ wà. Oṣù kẹwàá dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rá kòrò lé adìẹ. Bí a bá gbé Kúforíjì jókòó sórí ibùsùn, ó máa ń wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àpò tí kò kún.

Àjíún gbé e lọ sọ́dọ̀ Ẹfúnyẹmí, arúgbó obìnrin tí ó ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ṣe àyẹ̀wò. Ẹfúnyẹmí da owó ẹyọ sílẹ̀, ó wò ó pẹ́.

“Ọmọ yìí kò ṣàìsàn. Ta ni ó gbé e lánàá?”

“Ìyá ọkọ mi ni, Ìyá.”

“Lónìí ńkọ́?”

“Èmi ni.”

“Ọjọ́ wo ni ó gbé ara rẹ̀?”

Àjíún wo ọmọ náà. Ẹfúnyẹmí kó owó ẹyọ rẹ̀ jọ, ó ní:

“Ẹyẹlé méjì, ìkòkò ẹ̀wà kan, ẹní tuntun kan. Kí àwọn ọmọdé àdúgbò jẹ ẹ̀wà náà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí tìrẹ wà láàárín wọn. Gbogbo ọ̀já tí ẹ fi ń pọ̀n ọ́n, ẹ kó wọn wá. Fún oṣù mẹ́ta, kí oòrùn má bá a lẹ́yìn ẹnikẹ́ni.”

“Ilẹ̀ tí ó gba méjì lọ́wọ́ mi, Ìyá?”

“Ilẹ̀ kan náà ni. Òun ni gbogbo ẹni tí ń rìn ń tẹ̀.”

Nígbà tí Àwẹ̀ró gbọ́, ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ wá gbọ́ o! Èmi tí mo fi ẹ̀yìn yìí pọn ọmọ mẹ́fà! Ìyàwó, bí ẹ̀wà bá ń wù ọ́ jẹ, sè é kí o jẹ ẹ́. Má fi ọmọ ṣe bojúbojú.”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀já yín nìkan ni ó kù.”

“Kò lọ síbì kankan. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ ọmọ mi sínú iyẹ̀pẹ̀, ojú mi kò ní sí níbẹ̀.”

Ó di ẹrù rẹ̀, ó mú ọ̀já rẹ̀, ó gba abúlé àbúrò rẹ̀ lọ. Ó ní òun kò ní padà àfi bí wọ́n bá wá bẹ òun.

Àjíún rú ẹbọ. Nígbà tí ó gbé Kúforíjì sórí ẹní, ọmọ náà ké bí ẹni tí a jù nù. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, kí ó má baà gbé e. Ọmọbìnrin kan tẹ ẹ̀wà rírọ̀, ó fi í sí i lẹ́nu. Ẹkún dá.

Kí oṣù kìíní lẹ́yìn ẹbọ tó parí, Kúforíjì jókòó. Eyín méjì yọ nísàlẹ̀. Ní oṣù kejì, ó rá kòrò bá àwo ọbẹ̀, ó dà á nù. Kò sí ẹni tí ó bá a wí. Ní oṣù kẹrin, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ bá Ọdẹ́bùnmi, ó fìdí jókòó, ó sì wẹ̀yìn wò bí ẹni tí ń wá ẹni tí ó tì í.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ránṣẹ́ sí Àwẹ̀ró. Ó ní ẹ̀bẹ̀ náà kò tíì tó.

Ní oṣù kẹfà, ó dá wá fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó la apá.

“Wá, ọkọ mi. Ìyá àgbà rẹ dé.”

Kúforíjì wo ojú rẹ̀, ó figbe ta, ó yí padà, ó sì rìn lọ bá ìyá rẹ̀. Báyìí ni Àwẹ̀ró ṣe kọ́kọ́ rí ìrìn rẹ̀: ẹ̀yìn ọmọ ni ó rí.

Bí ó ti rí fún wọn nìyí. Kúforíjì dàgbà, ó fẹ́ aya, ó bímọ. Àjíún tún bí méjì. Orí ẹní ni ó ti tọ́ wọn, wọ́n sì yè. Àwẹ̀ró lo ọdún mẹ́rin sí i láyé. Ọmọ náà padà mọ̀ ọ́n, ó sì fẹ́ràn rẹ̀; ṣùgbọ́n bí àlejò bá bi Àwẹ̀ró léèrè eyín àkọ́kọ́ àti ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, á rọra dáhùn pé, “Wọ́n sọ fún mi.”