Ìdáhùn sí Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí kò jìnnà síbí, ajẹ́ńtì ilé àti ilẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ó bá ti gbọ́ pé ilẹ̀ wà fún títà, yóò pe ẹni tí ó ń wá ilẹ̀, yóò gbé e dé ibẹ̀ lórí ọ̀kadà, yóò nawọ́ sí òkúta ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó parí. Kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn fún ọ, kí o má baà rò pé ìtàn olè ni mo fẹ́ sọ. Èèyàn dáadáa ni. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Nígbà tó yá, ìjọba gbé òfin jáde pé ajẹ́ńtì tí kò bá yege ìdánwò, tí kò gba ìwé àṣẹ, kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ mọ́. Àyà ọkùnrin yìí já, torí ó ti pẹ́ tó ti jókòó ti ìwé kẹ́yìn. Ó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ṣí fún àwọn ajẹ́ńtì. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohun tí gbogbo wọn ń sọ síra wọn létí: àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà kì í yí ìbéèrè padà. Ọgọ́ta ìbéèrè ni, àwọn kan náà ni lọ́dọọdún, ìdáhùn mẹ́rin sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti A dé D. Àwọn kan ti da lẹ́tà ìdáhùn gbogbo wọn kọ sórí bébà kan ṣoṣo. Ọkùnrin yìí gba ti ẹ̀, kò sì yọjú sí kíláàsì mọ́.

Lẹ́tà ló wá ń kọ bí orin. Bó bá ń wẹ̀, "Ìkíní, B. Ìkejì, A. Ìkẹta, C." Bí ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, á nawọ́ dá a dúró, kó má baà gbàgbé ibi tó kà á dé.

Lọ́jọ́ kan ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Àdùkẹ́, àwọn ìbéèrè yìí, kí ni wọ́n ń béèrè gan-an?"

Ó ní, "Èwo ló kàn mí níbẹ̀? Ṣé ìbéèrè ni wọ́n ń fún ní máàkì ni?"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó dá a lójú pé òun gbọ́n.

Obìnrin kan wà nínú kíláàsì tí ọkùnrin yìí sá kúrò níbẹ̀, tí kì í jẹ́ kí olùkọ́ sinmi. Kí ló dé tí ajẹ́ńtì fi gbọdọ̀ mú ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ìjọba kó tó tà á? Olùkọ́ ṣàlàyé pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò nínú àwòrán ilẹ̀, bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tàbí kò tíì gbà á. Obìnrin yìí kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn yòókù ń tẹ fóònù. Nígbà tí ìdánwò dé, ó ń fara balẹ̀ ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan títí aago fi lù, ó sì fìdí rẹmi. Ọdún kejì ló tó yege. Ọkùnrin tiwa parí ní ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ó gba méjìdínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́ta. Ó gbé ìwé àṣẹ rẹ̀ sínú gíláàsì, ó gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. Má bi mí ìdí tí ayé fi rí bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló fi iṣẹ́ aṣọ rírán tó ń kọ́ sílẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà. Ó se oúnjẹ fún àwọn aláìsàn ní ọsibítù fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, inú yàrá àyágbé ló sì wà ní gbogbo ọdún náà. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ kó tó kú: ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní lè lé òun jáde níbẹ̀. Ẹ̀rù ilẹ̀ rírà ń bà á, kò gba ajẹ́ńtì kankan gbọ́. Àfìgbà tó rí ìwé àṣẹ lára ògiri.

Ó ní, "Àkàngbé, ọkàn mi wá balẹ̀ wàyí. Wá ilẹ̀ fún mi."

Ó wá a, ó sì rí i. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, etí títì, owó rẹ̀ kò gani lára. Obìnrin inú kíláàsì yẹn ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ náà kọ́kọ́ gbé e tọ̀ lọ. Ó mú ìwé ìwọ̀n rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, ó sì dá a padà fún wọn lọ́jọ́ kejì. Ni wọ́n bá gbé e wá bá ọkùnrin tiwa. Òun wo òkúta ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n pé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sanwó, ó kọ́ yàrá méjì àti pálọ̀ síbẹ̀, ó kó wọlé.

Kò tíì lo oṣù méje níbẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi dé, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri pé wọn yóò wó o. Títì ńlá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò gba ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ lọ. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ máa ń bá wọn ṣọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánwò ajẹ́ńtì. Ó ṣí àwòrán ilẹ̀, ó fi ìka sí ojú ibì kan.

"Ilẹ̀ ìjọba ni, Màmá. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti gbà á. Ṣé ajẹ́ńtì yín ò mú ìwé yìí wá síbí ni?"

Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò mi ni. Òun nìyí. Ó yege ìdánwò wọn."

Akọ̀wé yíjú sí i. "Ọ̀gá, ṣé wọn ò bi yín ni? Ìbéèrè kẹtàdínlógún ni: kí ló yẹ kí ajẹ́ńtì kọ́kọ́ ṣe kó tó ta ilẹ̀?"

"Wọ́n bi mí."

"Kí lẹ dáhùn?"

Kíá ló dáhùn, kò tilẹ̀ rò ó: "D."

"D náà ni. Kí ni D ọ̀hún sọ?"

Ó la ẹnu. Ó wá a, wá a, kò rí nǹkan kan. Ojú tì í débi pé òun, àgbàlagbà ọkùnrin, bú sẹ́kún níwájú àjèjì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ó ti wà lẹ́nu rẹ ṣáá, Àkàngbé. Ó wà lẹ́nu rẹ nígbà tí mo ń sanwó."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni katakátá dé, ó sì wó ilé náà. Obìnrin náà ti padà sínú yàrá àyágbé báyìí, ó sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Bí àbúrò rẹ̀ bá wá kí i, yóò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kò pè é ní Àkàngbé mọ́, "Ọ̀gbẹ́ni" ló ń pè é.

Ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, ìdánwò tìẹ ku oṣù méjì. O ní àlàyé mi ti pọ̀ jù, kí n kúkú fún ọ ní bébà lẹ́tà. Ó wà nínú yàrá mi. Bí mo bá fún ọ, wàá yege, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fúnni ní máàkì kọ́ ni yóò wá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ ni yóò kọ́kọ́ wá, wọn ò sì ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan, torí wọ́n fọkàn tán ọ. Nítorí náà, rò ó dáadáa, ta lo fẹ́ kọ́kọ́ sọ di aláìnílé nínú wọn? Dárúkọ ẹni náà fún mi, kí n dìde lọ mú bébà ọ̀hún wá.