Afárá Odò Àrómọ

Akínmúrelé ni a dá ẹẹ́rìndínlógún fún, nígbà tí ayùn rẹ̀ kán sínú ìtì igi, tí ìbínú sì gba gbogbo ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlapákó ni ó ní, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ wọ inú igbó láti la igi gẹdú níbi tí ó bá wó sí. Ògúnṣakin, ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́, ni ó ni katakata tí ó ń wọ́ ìtì igi wá sídìí ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ wọn dára tẹ́lẹ̀. Lójijì, ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ìṣó nínú igi. Ẹnìkan ń kàn wọ́n wọlé, ó ń gé orí wọn, ó sì ń fi ẹrẹ̀ bo ojú ibẹ̀. Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, ayùn tí ó kán fò jáde, ó sì ya apá Akínmúrelé láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ó fi aṣọ di apá náà, ó wọ́ omi Àrómọ kọjá, omi náà mù ún dé àyà, ó sì lọ bá Ìyá Ọ̀ṣúntógùn, arúgbó tí ń da owó ẹyọ ní abúlé òdìkejì.

"Ìyá, ẹ sọ orúkọ ẹni tí ó ń kan ìṣó fún mi. Mo fẹ́ ṣe é léṣe."

Ìyá da owó ẹyọ sílẹ̀, ó wò ó títí.

"Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ìwọ àti ẹnìkejì rẹ rúbọ: ìgbín, epo pupa, aṣọ funfun, àti pákó tí ó dára jù lọ nínú ohun tí ẹ là. Ẹ óò fi pákó náà tún afárá Àrómọ ṣe. Ẹ óò sì fi ẹnu ara yín sọ fún Mórẹ̀nikẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ fọ́ ọ."

Ara Akínmúrelé gbóná. Òótọ́ ni pé katakata wọ́ ìtì igi gorí afárá náà, tí afárá sì já. Òótọ́ ni pé ìrọbí mú Mórẹ̀nikẹ́, aboyún kan ní abúlé náà, láìpẹ́ lẹ́yìn náà, tí kò rí ọ̀nà kọjá sọ́dọ̀ agbẹ̀bí, tí ọmọ rẹ̀ sì kú. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti sọ fún gbogbo ayé pé àgbàrá ni ó gbé afárá lọ.

"Ìyá, abúlé yìí ni ẹ̀ ń gbé. Ẹ̀yin náà ń wá afárá. Ẹnu yín ni mo gbọ́, kì í ṣe ẹnu òrìṣà."

Ojú ìyá le. Ó gbá owó ẹyọ jọ, ó ju obì sí i.

"Fi ọwọ́ ara rẹ pa á. Fi ẹnu ara rẹ bi í. N kò ní fọwọ́ kàn án."

Akínmúrelé pa obì. Ó bi í bóyá irọ́ ni ọ̀rọ̀ afárá, obì kọ̀. Ó bi í bóyá kí òun rúbọ, obì yàn.

"Inú ń bí mi, Ìyá. N kò lè fi inú dídùn rú u."

"Ta ni ó bèèrè inú dídùn lọ́wọ́ rẹ? Pákó ni a bèèrè."

Nígbà tí Ògúnṣakin gbọ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Kí n fi ojúlówó igi àpá ṣe afárá fún àwọn tí ó ń ba ayùn wa jẹ́? Kí n tún kúnlẹ̀ fún Mórẹ̀nikẹ́? Lọ tọ́jú orí rẹ."

Èébú ni wọ́n fi pínyà.

Akínmúrelé nìkan gbé ẹbọ lọ sétí odò. Ó so ayùn tuntun mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó wọ́ ọ débẹ̀, ó fi apá dídì la igi àpá, ó sì ń ṣépè fún pákó kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Mórẹ̀nikẹ́.

"Àgbàrá kọ́. Àwa ni."

"Mo mọ̀," ni obìnrin náà wí. "Èmi ni mo ń kan ìṣó."

Akínmúrelé fò dìde. Ó gbé ọwọ́ sókè láti lù ú. Mórẹ̀nikẹ́ kò yẹ̀.

"Bí ẹ bá fẹ́ lù mí, ẹ lù mí. Bí ẹ kò bá ní lù mí, ẹ padà sídìí afárá yín."

Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Akínmúrelé padà sétí odò, ó ń kan pákó mọ́ pákó títí afárá fi dúró.

Nígbà náà ni Mórẹ̀nikẹ́ gbé ẹ̀mú wá sídìí àwọn ìtì igi. Kò kí i. Ó fa gbogbo ìṣó yọ, ó sì lọ. Ayùn kò kán mọ́. Àwọn ará abúlé fi igi tí ìjì wó han Akínmúrelé, àwọn tí ń kọ́lé sì ń gba orí afárá wá ra pákó, títí ó fi ra ẹ̀rọ mìíràn.

Ògúnṣakin kọ̀ láti gba orí afárá náà, ó ń wa katakata la inú Àrómọ kọjá títí òjò fi dé. Ẹrẹ̀ mú un láàrin odò. Ó pariwo, àwọn ará abúlé dúró lórí afárá, wọ́n ń wò ó. Ó rá pálá jáde, odò sì gbé katakata lọ. Ó sáré tọ Ìyá Ọ̀ṣúntógùn lọ, ó ní òun ti ṣetán láti rúbọ.

"Afárá ti dúró," ni ìyá wí. "Kí ni o fẹ́ kàn mọ́ ọn?"

Báyìí ni ẹni tí ó fi ìbínú rúbọ ṣe rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà padà, tí ẹni tí ó fi ẹbọ ṣẹ̀sín sì jókòó ti àbámọ̀. Mórẹ̀nikẹ́ kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni nínú wọn.