Àpótí Tó Ń Wá Ìbídùnní

Ìyá Ìbídùnní, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìgbájọ, kò bí ju ọmọ kan lọ. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kánádà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn. Nígbà tó wálé kẹ́yìn, ó so àpótí pẹlẹbẹ kan mọ́ tẹlifíṣọ̀n ìyá rẹ̀, èyí tó ń fa àwòrán wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fóònù tirẹ̀ ló fi fún un ní nẹ́tíwọ̀kì, orúkọ ara rẹ̀ ló sì sọ nẹ́tíwọ̀kì náà. Ó lọ, fóònù bá a lọ. Láti ìgbà náà, bí ìyá bá ti tan àpótí, ohun kan ṣoṣo ló ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n: pé ó ń wá Ìbídùnní.

"Máa wá a lọ," ni ìyá máa ń wí, lẹ́yìn tó bá ti gbé oúnjẹ síwájú. "Èmi náà ń wá a."

Nígbà tó yá, Ìbídùnní fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ìyá kò rí físà gbà, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì wọn yóò gbé ètò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwa. Ojú ìyá ti ṣe bàìbàì, kò lè rí nǹkan nínú fóònù mọ́. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ló kù. Ní aago mẹ́ta ààbọ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń pè ní Akọ́wé bí àṣà ìyàwó ilé, gbé ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì tuntun dé.

"Ìyàwó wa, àpótí rẹ kì í gba ju orúkọ kan lọ. N óò pa ti Ìbídùnní rẹ́ kí n tó kọ tuntun."

Ìyá já rìmóòtù gbà. "Ẹ óò pa kí ni rẹ́, ọkọ mi?"

"Orúkọ fóònù lásán ni."

"Ẹ wá ọ̀nà mìíràn."

"Bí mo bá mọ ọ̀nà mìíràn, ṣé mi ò ní ti máa jẹ iyán tí o gún?"

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. "Bó bá padà dé, tí kò bá orúkọ rẹ̀ nílé ńkọ́?"

Akọ́wé ṣí ètò ìgbéyàwó náà lórí fóònù rẹ̀. Aago mẹ́rin lù. Orin bẹ̀rẹ̀ nínú fóònù ọwọ́ rẹ̀, ohùn kan tí àwọn méjèèjì mọ̀ sì béèrè wẹ́rẹ́ pé: "Ṣé màmá mi ti ń wò mí?"

Ìyá na ọrùn sí fóònù. Nǹkan funfun kan ló rí, kò rí ojú. Ó fi àtàǹpàkò ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnì. Orúkọ náà lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé nẹ́tíwọ̀kì tuntun náà jẹ́ lẹ́tà méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni rìmóòtù ń ṣà wọ́n. Akọ́wé ṣì lẹ́tà ńlá kan kọ, àpótí kọ̀, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Nínú fóònù, pásítọ̀ béèrè, ọmọ dáhùn, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò rí ọ̀kan.

Nígbà tí àwòrán là, tọkọtaya ti kẹ̀yìn sí pẹpẹ, wọ́n ti ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìbídùnní dúró níbẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó juwọ́. Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ojú tẹlifíṣọ̀n.

"Ó ti rù," ló wí.

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pa dé. Láti Sátidé ìgbéyàwó náà, bí abiyamọ kan bá ń ṣàárò ọmọ tó wà lẹ́yìn odi, Ìyá Ìbídùnní fúnra rẹ̀ ló ń ṣíwájú àwọn àgbà agbo ilé wọn láti pa á lówe fún un pé: ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà tí ọmọ gbà lọ kì í rí ọ̀nà tí ọmọ ń gbà bọ̀.