Òkúta Ìyá Gírísẹ́lì

Ẹni tó bá ní arúgbó ò lágbára, ẹ ní kó lọ wo òkúta kan ní abúlé Ínṣíbẹ́gì, nílẹ̀ Skọ́tíláǹdì. Fákà, onílẹ̀ abúlé náà, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, fẹ́ gba oko Ìyá Gírísẹ́lì, opó ẹni àádọ́rin ọdún, ló bá hú òfin àtijọ́ jáde: ẹni tí agbára rẹ̀ ò bá ká a láti mú òkúta ńlá ẹnu oko dórí ògiri, kò gbọdọ̀ ní ilẹ̀. "Ìyá, ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni mò ń bọ̀," ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ. Bẹ́ẹ̀ òkúta lásán ni wọ́n fi ń to ògiri níbẹ̀, wọn kì í fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Ìyá ń tú ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà, títí ó fi ku ìpìlẹ̀ tó bá ilẹ̀ dọ́gba. Ó fi igi yí òkúta ńlá náà gorí ìpìlẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀. Fákà dé, ó ní, "Ògiri dà?" "Òun ni òkúta jókòó lé, Olóyè. Ẹ gbé e kúrò, kí n tún un tò." Fákà àti ikùn rẹ̀ dì í mú, wọ́n gbé e títí, òkúta ò mira. Ìyá ò gbójú sókè. "Ẹ rọra o, Olóyè, ará abúlé ń wò. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká òkúta yìí, ẹ̀yin náà lẹ sọ ohun tí òfin wí." Fákà jọ̀wọ́ òkúta, ó jọ̀wọ́ oko. Àlàfo náà ṣì wà lára ògiri dòní, òkúta jókòó sáàárín rẹ̀, kò sì sí onílẹ̀ tó tún dárúkọ òfin.